Bí a ṣe ń lo ìtẹ́nú bàtà láti dín ìrora ẹsẹ̀ àti orúnkún kù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ilé-Ifẹ̀, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn, ìrora kan sì gún mi ní gìgísẹ̀ ọ̀tún bí ẹni pé mo tẹ ìṣó mọ́lẹ̀. Mo di ògiri mú, mo sì tiro dé ilé ìwẹ̀. Kí n tó wẹ̀ tán, ó ti rọlẹ̀, mo rò pé ó ti lọ. Àfi ìgbà tí mo dìde lórí àga lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí mo ti máàkì ìwé àwọn ọmọ fún bí wákàtí kan, ni ó tún gún mi bákan náà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi fara dà á kí n tó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n bi. Mo ń kọ ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà sílẹ̀ nítorí pé mo ń rí àwọn ènìyàn ní Ṣábó àti ní Modákẹ́kẹ́ tí wọ́n ń tiro bí mo ṣe ń tiro, tí wọ́n ń ra nǹkan tí kò bá ìrora wọn mu, tí wọ́n sì ń sọ nígbẹ̀yìn pé owó ìtẹ́nú bàtà jẹ́ owó òfò.

Ìtẹ́nú bàtà ni mo ń pe ohun tí a máa ń tẹ́ sínú bàtà kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè rí nǹkan fara tì. Àwọn aránbàtà ń pè é ní fóòmù inú bàtà, àwọn tó ń tà á ní ilé ìtajà oògùn sì ń pè é ní ínsóòlù. Òmíràn jẹ́ fóòmù lásán, òmíràn jẹ́ rọ́bà tó rọ̀ tó sì ń mì tìtì bí a bá tẹ̀ ẹ́, òmíràn sì ní ike líle lábẹ́, tó ga ní agbedeméjì láti gbé ibi tó wọnú lábẹ́ ẹsẹ̀ dúró. Kò sí èyí tó ń tún egungun tò nínú wọn, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ búra. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń pín ìwúwo ara káàkiri àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó má baà kórí jọ sí ojú kan, ó sì ń dín bí iṣan ṣe ń nà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kù, kí iṣan tó ti farapa lè rí àyè jinná.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dá a ṣe fúnra wọn

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé òun ni ó lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá ní àrùn àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú débi pé kì í mọ̀ bí ó bá tẹ òkúta, kò gbọdọ̀ ra ìtẹ́nú bàtà lọ́jà kí ó kàn kì í bọ bàtà. Ìrora ni ó ń sọ fún àwa yòókù pé nǹkan ń ha wá lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ìrora kò bá sọ fún lè rìn láti Mọ̀ọ̀rè dé Ṣábó lórí etí ìtẹ́nú bàtà tó ṣẹ́po, kí ó bọ́ bàtà ní alẹ́ kí ó wá bá egbò níbẹ̀, irú egbò bẹ́ẹ̀ sì ni ó máa ń di ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gé ẹsẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́, kí ó gbé dígí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wò ó bí kò bá lè tẹ̀ba, kí ó sì máa fi ọwọ́ wá inú bàtà kí ó tó tì í bọ ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti wọn ìtẹ́nú bàtà fún un.

Bákan náà, bí ẹsẹ̀ tàbí orúnkún bá wú lójijì tó sì gbóná, bí ẹ bá ṣubú tí ẹ kò sì lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, bí orúnkún bá ń há tí kì í nà mọ́, bí ìrora kò bá jẹ́ kí ẹ sùn, tàbí bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo bá wú tó ń dùn yín, ẹ má wá ìtẹ́nú bàtà kiri, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà ní Iléṣà sì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà àwọn ará ìlú méjèèjì kò jìnnà sí ẹni tó lè yẹ̀ wọ́n wò dáadáa.

Ẹ fi àtàǹpàkò wá ibi tó ń dùn yín

Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lé orí itan kejì, kí ẹ sì máa fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Ẹ má yára. Ibi tí àtàǹpàkò bá ti mú yín fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn ni ẹ ń wá, ibẹ̀ ni ó sì máa sọ ohun tí ẹ máa rà.

Bí ó bá jẹ́ abẹ́ gìgísẹ̀ ni, síwájú díẹ̀ ní ìhà inú, tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ sì ni ó burú jù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣan pẹlẹbẹ kan tó nípọn, tó so egungun gìgísẹ̀ mọ́ ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Iṣan náà máa ń sinmi, a sì máa ká kò bí a ti ń sùn. Bí a bá jí tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójijì, a máa fà á ní ibi tó ti farapa, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gún ni láàárọ̀ tí ó sì ń rọlẹ̀ bí a bá ti rìn díẹ̀. Àwọn tó ń dúró pẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì ni ó ń bá jà jù, àwa olùkọ́, àwọn ìyá tó ń dúró ta ọjà, àwọn nọ́ọ̀sì, àti àwọn tí ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sanra tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan níbí: bí àwòrán X-ray bá fi egungun ṣóńṣó kan hàn lábẹ́ gìgísẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní irú egungun bẹ́ẹ̀ tí kò dùn wọ́n rárá, a kò sì ní láti gé e kúrò kí ìrora tó lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní ìrora yìí ni ara wọn ń yá láàárín ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ.

Bí ó bá jẹ́ ìdí àwọn ọmọ ìka ni ó ń dùn, tí ó ń ṣe yín bí ẹni pé òkúta kékeré kan wà nínú bàtà, ìwúwo ara ti pọ̀ jù níwájú ẹsẹ̀ nìyẹn. Bàtà gogoro tàbí bàtà tí abẹ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ló sábà máa ń fà á. Tìmùtìmù kékeré kan tó rí bí omijé ni ó ń wo èyí, màá sì sọ bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ń lẹ̀ ẹ́ sí kọ́ ni ó yẹ kí ó wà.

Ti orúnkún gba àlàyé díẹ̀ sí i. Ìrora tó yí egungun roboto iwájú orúnkún ká, tó ń le bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, bí a bá lóṣòó tàbí bí a bá jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, jẹ́ èyí tí ìtẹ́nú bàtà lè ràn lọ́wọ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní àwìn láyé àtijọ́ ni a ń pè ní Òṣómàáló, nítorí pé wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè títí tí yóò fi san án; ẹni tí iwájú orúnkún ń dùn kò lè ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a bá lóṣòó, egungun roboto náà máa ń tẹ egungun itan gidigidi. Ní ọdún 2008, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà láàárín 179 ènìyàn tó ní irú ìrora yìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, àwọn tó lo ìtẹ́nú bàtà tí a mọ sí bí ẹsẹ̀ ṣe rí sàn ju àwọn tó lo èyí tó rí pẹrẹsẹ lọ. Nígbà tí ó fi pé ọdún kan, ara gbogbo wọn ti yá dé ibì kan náà. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìtẹ́nú bàtà ń jẹ́ kí ìrọ̀rùn tètè dé, ó sì yẹ kí a fi àkókò ìrọ̀rùn náà mú itan àti ìdí le.

Ṣùgbọ́n orúnkún àgbàlagbà tó ti ń jẹ, tó ń dùn ní ìhà inú, tó ń ró kẹ̀kẹ̀ bí a bá dìde, tí ẹsẹ̀ sì ti ń tẹ̀ bí ọrun, aromọléegun ni ìyẹn. Àwọn kan máa ń ta ìtẹ́nú bàtà tó ga ní ẹ̀gbẹ́ kan fún irú orúnkún bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn aromọléegun ní Amẹ́ríkà kò dámọ̀ràn rẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà wọn ti ọdún 2019. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni eré ìdárayá, dídín sísanra kù àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Kílò 1 tí ẹni tó sanra bá fi sílẹ̀ máa ń gbé nǹkan bí kílò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá náà, ọwọ́ tó kọjú sí ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kí a fi mú un: bí orúnkún òsì bá ń dùn, ọwọ́ ọ̀tún ni. Mo ti rí àwọn ìyá wa púpọ̀ tó ń mú un sí ọwọ́ kan náà tí ìrora wà, tí kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàtà tó rọ̀ dáadáa lábẹ́ lè tù wọ́n lára, ẹ má kàn ná owó ńlá sórí èyí tó ga ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí omi ya àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ yín

Ẹ rẹ ẹsẹ̀ sínú abọ́ omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ ní ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ sì gbé e kúrò. Bí agbedeméjì bá hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ yín wọnú jù, fóòmù tó rọ̀ tó sì gbé agbedeméjì díẹ̀ ni ó máa bá yín mu. Bí gbogbo rẹ̀ bá hàn pẹrẹsẹ láìsí ibi tó wọnú, ike tàbí fóòmù líle tó ga díẹ̀ ní ìhà inú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí ó bá wà láàárín méjèèjì, èyíkéyìí tó bá tù yín lára ti tó.

Mo bẹ ẹ̀yin òbí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ kì í ṣe àrùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé sábà máa ń rí pẹrẹsẹ, a sì máa wọnú díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ọdún 10 àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí kò bá dun ọmọ, tí ó ń sáré tí ó sì ń fò bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò nílò ìtẹ́nú bàtà kankan.

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ìtẹ́nú bàtà tó dára nínú bàtà tó ti wọ́, ibi tí bàtà bá wọ́ sí ni òun náà máa wọ́ sí. Ẹ gbé bàtà yín sórí tábìlì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín ṣe déédé pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé e tì. Ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń ra òkìríkà, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ tẹ bàtà náà dà. Mi ò sọ pé kí ẹ má rà á, èmi náà ń rà á, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ná an.

Bàtà tí ìtẹ́nú máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní okùn tàbí ìgbànú tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ le débi pé àtàǹpàkò kò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé wẹ́rẹ́, kí ó jẹ́ pé iwájú ní ibi tí ọmọ ìka ti ń ṣẹ́ ni ó ń tẹ̀, kì í ṣe agbedeméjì, kí ó sì ní ìtẹ́nú tirẹ̀ tó ṣeé yọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ra bàtà, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú ìtẹ́nú bàtà dání lọ sí ọjà, kí ẹ fi í sínú bàtà, kí ẹ dìde dúró, kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò kan sì ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù.

Yíyàn án àti iye tó yẹ kí ẹ ná

Àwọn kan gbà pé àfi èyí tí wọ́n bá fi POP, ìyẹn ẹ̀lú funfun tí a ń pò mọ́ omi tó sì máa ń dì gbagidi, ya ẹsẹ̀ ẹni ṣe nìkan ni ó dára. Fún ìrora gìgísẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, fi èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún títà wé èyí tí wọ́n wọn fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín 135 ènìyàn. Ìrànlọ́wọ́ méjèèjì kò yàtọ̀ sí ara wọn. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí apá yín ká.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá wọlé títí tó fi kan ìsàlẹ̀, ó ti rọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó fi máa pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ènìyàn jókòó lé. Bí kò bá wọlé rárá, ó le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ibi gìgísẹ̀ yẹ kí ó jìn díẹ̀ bí àwo, kí ó lè gbá ẹran abẹ́ gìgísẹ̀ jọ. Ibi tó ga ní agbedeméjì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tó wọnú lábẹ́ ẹsẹ̀ yín gan-an. Bí ẹ bá dúró lórí rẹ̀ tí ẹ rí i pé ó ń gún yín níwájú tàbí lẹ́yìn ibẹ̀, ìwọ̀n ẹlòmíràn ni.

Gígé e àti títẹ́ ẹ

Ẹ kọ́kọ́ yọ ìtẹ́nú tí bàtà bá wá pẹ̀lú rẹ̀. Títẹ́ tuntun lé orí ti àtijọ́ ni àṣìṣe tí mo ń rí jù. Ó máa gbé gìgísẹ̀ sókè kúrò nínú bàtà, ẹsẹ̀ á máa yọ, bàtà á sì máa bó ẹ̀yìn ẹsẹ̀.

Ẹ fi ti àtijọ́ lé orí tuntun, kí gìgísẹ̀ àwọn méjèèjì ṣe déédé, kí ẹ sì fi bírò fa ìlà yí iwájú ká. Iwájú nìkan ni a ń gé. Ẹ kò gbọdọ̀ gé gìgísẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ga. Ìta ìlà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gé e, kí ẹ tì í bọ bàtà, kí ẹ sì fi ọwọ́ wá etí rẹ̀ yí ká. Bí iwájú bá ń ṣẹ́po, ẹ yọ ọ́, ẹ gé ìwọ̀n tó fẹ́lẹ́ bí etí kọ́bọ̀, kí ẹ tún tì í bọ̀ ọ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo yọ tèmi àkọ́kọ́ kí ó tó jókòó. Èyí tí a gé jù kò ṣeé dá padà: ó máa ń rìn síwájú sẹ́yìn nínú bàtà, ibi tó ga a sì kúrò lábẹ́ ibi tó yẹ kó gbé.

Bí bàtà kò bá ní ìtẹ́nú tó ṣeé yọ, ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ dìde dúró lé e lórí, kí ẹlòmíràn sì fi bírò tó nàró ya ẹsẹ̀ yín. Ẹ má jókòó yà á, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń gùn sí i tó sì máa ń fẹ̀ sí i bí ìwúwo ara bá wà lórí rẹ̀. Irú bàtà bẹ́ẹ̀ kì í sábà gba ìtẹ́nú tó gùn dé ọmọ ìka. Èyí tó parí sí ẹ̀yìn ìdí ọmọ ìka ni kí ẹ béèrè.

Tìmùtìmù tó rí bí omijé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ibi tó ń dunni ni a ń lẹ̀ ẹ́ sí, ní ìhà gìgísẹ̀, kì í ṣe abẹ́ ibi tó ń dunni. Bí ó bá wà lábẹ́ ìrora gan-an, ńṣe ni ó ń fi kún ìwúwo ibẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, a máa gbé egungun náà kúrò nílẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń rí ojú ibẹ̀ gan-an: mo máa ń fi tìróò kan ojú ibi tó ń dùn lábẹ́ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni náà á wọ bàtà, á rin ìṣísẹ̀ mélòó kan, a ó sì yọ ìtẹ́nú bàtà wò. Àmì dúdú náà á ti wà lórí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tìmùtìmù náà yóò wà lẹ́yìn àmì yẹn.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń dùn yín. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan á ga ju èkejì lọ, ìbàdí àti ẹ̀yìn a sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tiwọn. Àfi bí oníṣègùn bá wọ̀n ọ́n tó rí i pé ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì ni a ń gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè.

Wíwọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Ọjọ́ kejì tí mo ra èyí tó ní ike líle lábẹ́ ni a lọ sí ìsìnkú kan ní Iléṣà, mo sì wọ̀ ọ́ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo fi bọ́ bàtà, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti lé ròrò olómi ní ìhà inú, orúnkún tí kò dùn mí rí sì ń ro mí. Mo sọ ọ́ sí abẹ́ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí mo rò pé òun ni kò dára, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Wákàtí 1 ni kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, nínú ilé tàbí níbi tí ẹ ti lè bọ́ ọ. Kí ẹ fi wákàtí 1 kún un lójoojúmọ́. Tí ó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ó ti lè wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Kí agbedeméjì àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ẹran ẹ̀yìn ojúgun máa ro yín díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kò burú. Bí ẹsẹ̀ bá lé ròrò olómi, bí ọmọ ìka bá ń kú, tàbí bí ìrora tuntun bá yọ ní orúnkún tàbí ìbàdí, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì padà sí ìdajì àkókò tí ẹ ti dé. Bí ìrora náà bá tún padà, kò bá yín mu nìyẹn.

Eré ìdárayá tó ń bá a rìn

Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ẹ fa ẹsẹ̀ tó ń dùn sẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì rọra fara ti ògiri títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára ní ẹ̀yìn ojúgun. Ẹ kà á dé 30, ẹ ṣe é ní ìgbà 3, láàárọ̀ àti lálẹ́. Fún gìgísẹ̀, kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ẹ gbé e lé itan kejì, ẹ fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka wá sí ìhà ojúgun, kí ẹ kà á dé 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Èyí kékeré yìí ni ó kọ́kọ́ mú ìgún òwúrọ̀ tèmi rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, ẹ fi èyí tó le kún un. Ẹ ká aṣọ ìnura, ẹ fi í sí etí àtẹ̀gùn, ẹ gbé ọmọ ìka lé e, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú, kí ẹ di ògiri mú. Ẹ gòkè fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ẹ dúró fún 2, ẹ sọ̀kalẹ̀ fún 3. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀méjìlá, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi pé ìgbà 3; ẹ máa fo ọjọ́ kan láàárín, fún oṣù 3. Bí òtútù bá tù yín lára, ẹ fi omi sínú ìgò ike, kí ẹ mú kí ó dì, kí ẹ sì máa yí i lábẹ́ ẹsẹ̀ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Fún iwájú orúnkún, ẹ jókòó lórí àga kí ẹ sì dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ní àga tó ga tó tí kò fi ní gún yín; bí orúnkún ṣe ń le sí i ni kí àga máa relẹ̀.

Nínú ilé àti ní ilé ìjọsìn

A máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a sì máa ń rìn lórí táìsì láìwọ nǹkan, ẹsẹ̀ tí a ti ń tọ́jú láti àárọ̀ a tún padà sórí ilẹ̀ líle. Ìtẹ́nú bàtà kò sì lè dúró nínú sílípáàsì. Ẹ ya bàtà kan sọ́tọ̀ fún inú ilé, sáńdààlì tó nípọn lábẹ́ tí inú rẹ̀ gbé agbedeméjì ẹsẹ̀, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lè bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìjọ aláṣọ funfun kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ ṣe ohun tí ìgbàgbọ́ yín kò gbà. Ẹ dúró sórí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ẹ jókòó nígbà tí àyè bá wà, kí ẹ sì na ẹsẹ̀ sí ògiri kí ẹ tó wọ bàtà padà.

Bí kò bá rọ̀

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6. Bí ìrora kò bá dín kù rárá nígbà náà, ẹ lọ sí ẹ̀ka físíótẹ́rápì ní ilé ìwòsàn, kí ẹ mú bàtà tí ẹ ń wọ̀ jù àti ìtẹ́nú rẹ̀ dání, nítorí pé bí ó ṣe jẹ máa ń sọ bí ẹ ṣe ń rìn fún wọn. Wọ́n lè rí i pé ohun mìíràn ni, tàbí pé ẹsẹ̀ yín wà nínú àwọn tó nílò èyí tí a wọ̀n.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú bàtà lálẹ́ kí òógùn inú rẹ̀ lè gbẹ. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí pé oòrùn gbígbóná máa ń ká fóòmù kò. Fóòmù lásán sábà máa ń lo oṣù 3 sí 6 fún ẹni tó ń rìn púpọ̀. Èyí tó ní ike lábẹ́ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi máa ń fi bírò kọ oṣù àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá tẹ́ ẹ, kí n má baà máa méfò. Bí ẹ bá tẹ ibi gìgísẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò tí ojú ibẹ̀ kò padà sókè mọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kan tilẹ̀ ṣì dà bí tuntun.